Wáyà Olómi Góòlù

Ní àwọn ọdún tí mílíìkì alágolo àti ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí èèyàn ń tò fún láti àárọ̀, wáyà ni ọkọ mi ń tà. Kì í ṣe wáyà iná, kì í sì í ṣe èyí tí à ń sá aṣọ sí. Wáyà ẹ̀rọ orin ni, èyí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà. Ó nípọn tó ìka àgbàlagbà, wọ́n fi omi góòlù rẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, inú páálí tí wọ́n fi àrán tẹ́ ni wọ́n sì ń kó o sí, àfi bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó. Ẹni tó bá gbọ́ iye rẹ̀ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni á ní ká jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án wò.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dùgbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Iṣẹ́ tíṣà ni èmi ń ṣe ní Agbowó, ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde nílé ìwé lọ́sàn-án, mo máa ń wọ mọ́tò lọ bá ọkọ mi níbẹ̀ láti bá a jókòó ti ọjà. Ọjà náà ò pọ̀ lójú, owó ló pọ̀ lórí wọn. Búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá eruku ojú rẹ́kọ́ọ̀dù, irun ẹranko kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí ni wọ́n fi ṣe é. Omi wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń fọ ojú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà, mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n ní kí èèyàn gbé sípíkà lé kí orin má baà rì sínú ilẹ̀. Àpótí dúdú kan sì wà tí wọ́n ní ó ń sọ iná mànàmáná di mímọ́ kó tó wọnú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí àpótí yìí dé, mo bi ọkọ mi pé, "Dádì, iná tí kì í sí, ìgbà wo ló ráyè dọ̀tí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí náà síbi tí ojú á ti tètè rí i.

Ẹ má rò pé ọkọ mi ò mọ nǹkan kan o. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́, bó bá tú ẹ̀rọ palẹ̀, á tò ó padà tí nọ́ọ̀tì kan ò ní ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n títún ẹ̀rọ ṣe kì í mówó wọlé tó ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé ìròyìn àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ orin máa ń bá ẹrù dé láti Lọ́ńdọ̀nù, á jókòó tì í, á máa kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Bó bá wá di ojú oníbàárà, á tú u sí Yorùbá tó dùn ju èdè òyìnbó tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ. Á ní, "Gbogbo atẹ́gùn inú bàbà yìí ni wọ́n ti fà jáde, sà. Kò sí ohun tó máa dí orin lọ́nà mọ́." Tàbí kó ní, "Orin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nílé yẹn, aṣọ ló bò ó lójú. Ẹ ò tíì rí ojú ẹ̀ rárá." Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò. Ti ọkọ mi ń yọ ju obì lọ.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì láti Bódìjà ló máa ń wá, àti dókítà, àti kọngílá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kì í ná an. Mo mọ ọkùnrin kan nínú wọn tí mo ti rí lọ́jà Bódìjà tó ń bá elẹ́ran fa ọ̀rọ̀ nítorí egungun lásán, tí òun àti elẹ́ran jọ ń búra. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, iye tí a pè ló san, kò tilẹ̀ ní ká dín in. Mo bi ọkọ mi pé kí ló fà á. Ó ní bí òun bá gbà kí wọ́n ná an, wọ́n á mọ̀ pé wáyà ni.

Ó ní ọ̀nà tó máa ń gbà tà á. Á kọ́kọ́ fi wáyà lásán gbé orin sí i. Á ní kí oníbàárà dijú kó sì fara balẹ̀. Á wá bọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, á tú wáyà lásán kúrò, á so ti olómi góòlù mọ́ ọn. Bó bá ń dìde bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọra kan fólúùmù, á sún un sókè, bíńtín báyìí. Orin kan náà á tún bẹ̀rẹ̀, á sì kún yàrá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oníbàárà á lajú, á mi orí, á ní, "Haà! Ìyàtọ̀ wà o!" Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọwọ́ yẹn, mo bá a jà délé.

"Ẹ̀tàn nìyẹn," mo ní.

"Ẹ̀tàn báwo? Ta ló ní kí wọ́n sọ pé ìyàtọ̀ wà? Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ fi sí wọn lẹ́nu."

"Mọ́mì, ẹni tó ra wáyà yìí, bó bá délé, tayọ̀tayọ̀ ló máa fi jókòó gbọ́ orin tó ti ní lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí tí kì í fetí sí. Ta ni mo ṣe ní jàǹbá?"

Ẹni tó ní ilé ńlá ní Bódìjà, tó ní mọ́tò méjì, tó wá fi wáyà ṣe fàájì, ṣé ó yẹ kó máa ṣe mí láàánú? Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo lè bá sunkún nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà láàárín wa nìyẹn kí bàbá kan tó gun àtẹ̀gùn wa wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, onítẹ̀bọmi, Baṣọ̀run ni wọ́n kọ́lé sí. Aṣọ ọrùn wọn ti gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì lọ̀ ọ́ débi pé ìlà rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n mú ańkáṣíìfù kan jáde lápò, wọ́n tú u, kásẹ́ẹ̀tì kan ló wà níbẹ̀.

"Ìyàwó mi ló wà nínú èyí," wọ́n ní.

Ìyàwó wọn ti di olóògbé. Kí ìyá náà tó lọ, ọmọbìnrin wọn tó fẹ́ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná ti ní kí ìyá òun bá òun ki oríkì ilé bàbá òun sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ tí òun máa bí sí ọ̀nà jíjìn má baà di àlejò nílé ara wọn. Ìyá náà sì kì í. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà fún bàbá rẹ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: ọkùnrin ló ni oríkì, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n kì.

"Mo mọ Bíbélì, mo mọ ìṣirò," ni bàbá sọ fún wa, "ṣùgbọ́n oríkì àwọn bàbá mi, àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, mi ò rò ó rí pé ó yẹ kí n há a sórí. Ó wà nínú èyí báyìí, mi ò gbọ́ ọ yé. Ohùn ẹ̀ jìnnà. Àfi bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ló ní ẹ ní wáyà kan tó ń mú ohùn súnmọ́ tòsí."

Ọkọ mi wo kásẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú bàbá. Mo gbàdúrà sínú pé kó sọ òótọ́. Ó fi wáyà lásán gbé e sí i, ohùn náà lọ sílẹ̀ gan-an lóòótọ́. Ó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Nígbà tó ń dìde, mo rí ọwọ́ rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe bíńtín. Ohùn obìnrin kan jáde, ó tutù, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ki ọkọ rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá bọ̀ wá sílẹ̀. Bàbá ṣí fìlà lórí. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn. Ẹ gbọ́, òun nìyẹn." Kò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi ní kí ọkọ mi pa á, pé àwọn fẹ́ gbọ́ ìyókù nínú ilé àwọn. Wọ́n sanwó, wọ́n sì gbá páálí náà mọ́ àyà sọ̀kalẹ̀ lọ. Àwọn náà ò ná an.

Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Fàájì ni àwọn tó kù ń rà. Bàbá yìí, ìyàwó wọn ni wọ́n fẹ́ rà padà. Bí wọ́n bá délé tí wọn ò gbọ́ ọ, níbo ni wọ́n tún fẹ́ lọ? Mo bá ọkọ mi yan odì títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Kò pẹ́ tí bàbá fi padà wá. Wọ́n ní àwọn ti so ó gẹ́gẹ́ bí a ṣe wí, ṣùgbọ́n ohùn náà ti tún jìnnà. Wọn ò bínú o, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ńṣe ni wọ́n ń bi ọkọ mi léèrè bí ọmọ ilé ìwé tí iṣẹ́ àṣetiléwá ò yé. Ọkọ mi ní ó ní láti jẹ́ pé ilẹ̀ ilé wọn ló ń fa ohùn mu, ó ta irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fún wọn. Wọ́n tún padà wá. Ọkọ mi nawọ́ sí àpótí tó ń sọ iná di mímọ́, orí mi sì gbóná. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ná." Mo fà á jáde sórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ tà á fún wọn."

"Kí ni kí n wá ṣe? Kí n wò wọ́n lójú, kí n ní, 'Bàbá, etí yín ti ń lọ'? Àbí kí n ní, 'Mo lù yín ní jìbìtì'? Èwo nínú méjèèjì lo lè sọ lójú àgbàlagbà?"

Ẹ̀rù ti ń ba òun náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ti sọ pé òun ò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ẹni tó ṣe ní jàǹbá rèé tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, tó di fìlà mú lórí orúnkún.

Mo ní, "Èmi á bá wọn délé."

Mo bá bàbá wọ mọ́tò lọ sí Baṣọ̀run. Lọ́nà, wọ́n bèèrè kíláàsì tí mò ń kọ́, wọ́n sì ní kí n má fi pàṣán bá ọmọ wí lórí ìṣirò. Nígbà tí a wọ ọgbà ilé wọn, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ó dákẹ́. Kì í ṣe pé kò séèyàn. Ayálégbé kún ibẹ̀. Obìnrin kan ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, ó ká àpò ìdọ̀họ sábẹ́ odó kí ìró rẹ̀ má baà rinlẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan bí ẹni ń sọ àṣírí. Àwọn ọmọdé ń ṣeré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu.

Bí bàbá ṣe wọlé lọ ṣí fèrèsé, mo kí obìnrin tó ń gún iyán. Ó súnmọ́ mi kó tó dáhùn.

"Ẹ máa rọra sọ̀rọ̀, ma. Bàbá ò fẹ́ ariwo. Òfin ilé yìí ni, ìró rédíò ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá ẹni. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á ní kó kẹ́rù."

"Látìgbà wo?"

"Kí n tó débí ló ti wà. Ìyá pàápàá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ ò lè gbọ́ ohùn wọn láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí."

Mo wọlé bá bàbá ní pálọ̀. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì, sípíkà méjèèjì dúró lórí irin ṣóńṣó wọn, wáyà wa ń dán lẹ́yìn wọn. Kò sí ohun tí wọn ò ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì padà lọ jókòó sórí àga wọn lápá ibi ìlẹ̀kùn. Ohùn kan ń rìn nínú ẹ̀rọ náà níbi tó jìnnà, èmi tí etí mi ń gbọ́ ketekete pàápàá, mi ò lè mú gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Mo wo fólúùmù. Wọ́n kàn ṣí i ni, wọn ò yí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe gbé e sókè?"

"Nínú ilé yìí?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n jó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rí ọwọ́ ọkọ rẹ."

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọ inú rẹ̀.

"Ọmọ tó ń jíwèé wò nígbà ìdánwò, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo rí i bó ṣe sún un."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì wá, sà. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi rà á? Kí ló dé tẹ́ ẹ tún padà wá?"

Wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà.

"Gbogbo èèyàn tó wà nínú ọgbà yìí ni mo ti kìlọ̀ fún nítorí ariwo. Ẹni tí mo kìlọ̀ fún jù ni ìyẹn tó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá ń kọrin ní kíṣìnnì, màá ní, 'Rọra.' Bó bá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, màá ní, 'Rọra.' Ó rọra títí ó fi lọ. Ojú wo ni mo wá fẹ́ fi yí nǹkan yìí sókè lẹ́yìn ẹ̀? Mo rò pé bí wáyà bá dára tó, á gbé e sókè fún mi, tí kò ní jẹ́ pé èmi ni mo gbé e sókè."

Mo ti ń bínú sí ọkọ mi tipẹ́ pé ó ń tan àwọn èèyàn. Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn wa ò gọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ohun kan wà tí kálukú wọn ò fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òmíràn ò fẹ́ jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ra wáyà kí pálọ̀ lè dùn ún jókòó sí. Òmíràn ò ráyè orin láyé rẹ̀, owó ló fi ń dí àyè náà. Ìwé ìròyìn òyìnbó mọ̀ wọ́n ju bí èmi ṣe mọ̀ wọ́n lọ, ọkọ mi náà sì mọ̀ wọ́n. Èyí ò sọ ohun tó ń ṣe di rere o. Inú ń bí mi sí i títí dòní.

Bàbá ní, "Ìwọ bá mi yí i."

Mo dìde, mo yí i, mi ò ṣe bíńtín. Ohùn obìnrin náà bẹ́ jáde, ó kún pálọ̀, ó gba fèrèsé kọjá sí ọgbà. Ìró odó dáwọ́ dúró lẹ́yìnkùlé. Mo rí àwọn ayálégbé tí wọ́n ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó mọ ìyá náà fọwọ́ lérí. Ó ń ki ọkọ rẹ̀, ó ń ki bàbá ọkọ rẹ̀, ó ń ki ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣí wá, kò ṣì í sọ, kò sì kánjú. Bàbá dijú. Ètè wọn ń mì, wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tó parí, kásẹ́ẹ̀tì ò tíì tán. Ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ohùn ọmọ wọn tó wà ní Kàdúná.

"Màámi, ẹ tún un kì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀. Kò ní wọnú ẹ̀ dáadáa."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́.

"Rárá o. Bàbá yín ń sùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ mi, á súnmọ́ mi."

Ẹ̀rọ náà ta kàn-ín, ó dákẹ́. Bàbá ṣì dijú. Wọ́n wá dìde. Wọ́n di apá àga wọn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ń ké, ó ń han, gbogbo ọgbà ń gbọ́ ọ, wọn ò gbé e nílẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ títí orúnkún wọn fi kan sípíkà.

"Dá a padà síbẹ̀rẹ̀," wọ́n ní. "Kí o sì yí i sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo yí i sílẹ̀. Bàbá tẹrí ba, wọ́n gbé etí lé aṣọ ojú sípíkà náà.